A Ti Rí I

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó ní káńsù l'Íṣarà,
lẹ́yìn tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju ìyókù lọ.
Kò sí ọmọdé tó bi mí ní ìbéèrè rí,
àfi èyí tó ń wá ibi tí yóò ti tọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọyẹ́ ń fẹ́ gidi,
Tísà Ọdúfúwà gun òkè wá bá mi,
eruku pupa dé orúnkún,
ṣọ́ọ̀kì ní èékánná bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ro láfún.
Ó ní, "Bàbá Ṣóyẹbọ, ẹ gbà mí.
Àwọn ọmọ mi ti há ìjọba ìbílẹ̀ sórí bí odídẹrẹ́.
Iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọn á kà á láìmí:
ọ̀nà, ọjà, ibi ìsìnkú, gbogbo ẹ̀.
Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n nàka sí i,
àwòrán ara ògiri ni wọ́n nàka sí.
Ẹ fún mi ní nǹkan tí wọ́n lè fọwọ́ bà."

Kí ni mo ní tí mo fẹ́ fún un?
Alága ò sí nílé.
Katapílà wà lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ọgbà,
koríko ti hù lórí ìjókòó rẹ̀.
Mo nawọ́ sókè pẹpẹ, mo fa ìwé ẹ̀sùn kan yọ,
ẹyin ọmọńlé méjì já bọ́ lára rẹ̀.
Mo ní, "Ẹ dá a padà lọ́jọ́ Ẹtì.
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ya á."

Lọ́jọ́ Ẹtì, tòun tọmọ ló dé,
ọmọ méjìlélógójì, bàtà wọn funfun fún eruku.
Wọ́n yí tábìlì mi ká
bí olówó èlé tó wá sin gbèsè.
Ọ̀kan nínú wọn, Abọ́sẹ̀dé, ló gbé ìwé náà mọ́yà.
Ó ṣí i síbi tó ti fi ewé obì sàmì sí.
Ó kà á sókè:
"Ẹ̀rọ omi Òkè-Àpáta ò fa omi mọ́.
Odò la ń lọ. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."
Lábẹ́ ẹ̀, àtàǹpàkò kan, tàdáwà ti ṣá.
"Ìyá ìyá mi nìyẹn," ló wí.

Ó wá fi ìka lé ẹ̀gbẹ́ ojú ewé náà,
níbi tí ẹnì kan kọ ọ́ sí pé: A ti rí i.
"Bàbá, ta ló rí i?"

Mo mọ ìkọ̀wé ara mi.
Mo wo Tísà. Fèrèsé ló ń wò.
"Èmi ni."
"Kí lẹ wá ṣe?"
"Mo pa ìwé dé."

Ọmọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn gún un nígbùn-ún ọwọ́.
Abọ́sẹ̀dé ò rẹ́rìn-ín.
Ó ní ṣé ìwé yìí ṣì ń gba ẹ̀sùn.
Mo fún un ní báírò mi.
Ó kọ ọ́ sábẹ́ àtàǹpàkò ìyá rẹ̀ àgbà,
ó ń kọ ọ́, ó ń pè é jẹ́jẹ́:
"Màmá ti kú. Ẹ̀rọ náà ò tíì fa omi.
Àwa méjìlélógójì ti rí i."

Mo da omi díẹ̀ sórí páàdì tàdáwà tó ti gbẹ,
wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan
títí àyè fi tán lójú ewé.

Lọ́jọ́ Ajé mo bèèrè iye tí awọ inú ẹ̀rọ náà jẹ́.
Kò tó owó ẹran ọ̀sẹ̀ kan nílé mi.
Ọdún mẹ́sàn-án.

Tísà tún ránṣẹ́: lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,
ìṣúná owó ni wọ́n fẹ́ kọ́,
ṣé ìwé rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin yẹn?
Mo ní ó wà, àmọ́ n ò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọlẹ̀ sí.

Àpò ṣòkòtò mi ló wà.
Ó ń gún mi nítan.